Ojú Àlejò: Ìtàn Àmì nínú Ìwé Kíkọ àti nínú Èdè Kọ̀ǹpútà

Ní ayé ìgbà tí àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù ń kọ ìwé wọn sórí pàpírọ́ọ̀sì, kò sí àyè láàrin ọ̀rọ̀ kan àti èkejì, kò sí àmì tí ń sọ pé gbólóhùn parí, kò sì sí lẹ́tà ńlá tí ń kéde pé òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ni yóò máa tẹ̀ lé lẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin rẹ̀, bí ìjàlọ tí ń tò kọjá lójú ọ̀nà, tí ojú kò sì ní rí ibi tí yóò ti sinmi. Ẹni tí yóò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní láti gbé ohùn sókè, kí etí lè bá ojú wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti já, bí ó bá sì jẹ́ pé níwájú àwùjọ ni yóò ti kà á, ó di dandan kí ó ti yẹ̀ ẹ́ wò ní ìkọ̀kọ̀ kí ó tó jáde. Kì í ṣe pé ọgbọ́n àmì kò sí lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará Róòmù ti ní àṣà fífi àmì róbótó kékeré sáàrin ọ̀rọ̀ rí, ó ṣì wà lára òkúta tí wọ́n gbẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di nǹkan bí ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, wọ́n ti ń pa á tì, wọ́n ń kọ ìwé wọn ní àkọpọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn Gíríìkì tí wọ́n ń fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Kí ló dé tí ọlọ́gbọ́n ènìyàn fi ní àmì lọ́wọ́ tí ó sì jù ú nù? Èrò tèmi ni pé onílé ni àwọn tí ń ka ìwé wọ̀nyẹn. Inú èdè náà ni a bí wọn sí, wọ́n mọ ìró rẹ̀ kí wọ́n tó mọ lẹ́tà rẹ̀, àbọ̀ ọ̀rọ̀ sì ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Àlejò ni ọ̀rọ̀ le fún, àlejò tí àwọn àgbà sọ pé ó lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí a bá sì tọpa ìtàn àmì láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí dé inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ó gba ilé àti ọ́fíìsì kan lónìí, ohun kan náà ni a óò máa bá pàdé: ìgbàkígbà tí àlejò bá ti wọ inú èdè kan ni àmì ń wọlé tẹ̀ lé e, ìgbàkígbà tí àwọn onílé bá sì ti gbàgbé pé àlejò ń bẹ nílé ni wọ́n ń pa àmì tì.

Ìlú àlejò ni Alẹkisáńdíríà, ìlú tí Alẹkisáńdà Ńlá tẹ̀ dó sí etí òkun Íjíbítì ní ọdún 331 ṣáájú ìbí Kristi. Gíríìkì, Júù àti ọmọ onílẹ̀ jọ ń gbé ibẹ̀, èdè Gíríìkì sì di èdè ìjọba àti èdè ọjà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí kò mu ún mọ́ ọmú ìyá. Ibẹ̀ ni àwọn ọba ìdílé Ptolemy kọ́ ilé ìkàwé olókìkí nì sí, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń fi àwọn ẹ̀dà ewì Homer wé ara wọn, ewì tí ó ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí èdè rẹ̀ ṣe àjèjì sí àwọn Gíríìkì fúnra wọn. Ní nǹkan bí ọdún 200 ṣáájú ìbí Kristi, Aristophanes ará Byzantium ni olórí ilé ìkàwé náà, òun ni ìtàn sì gbà pé ó fi àmì ìdánudúró lélẹ̀ fún òǹkàwé. Àmì róbótó kan ṣoṣo ni, ipò tí ó wà sí lẹ́tà ni ó ń yàtọ̀. Bí ó bá wà lókè téńté, ọ̀rọ̀ ti parí, kí òǹkàwé mí kanlẹ̀. Bí ó bá wà láàrin tàbí nísàlẹ̀, kí ó dánu dúró níwọ̀n-ọn-ba, kí ó má ṣe jẹ́ kí ohùn kú, nítorí ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀. Èémí ẹ̀dá ni wọ́n ń wọ̀n nígbà náà, gírámà kò tí ì dá sí i.

Àwọn àmì mìíràn tún wà tí ìtàn kà sí Aristophanes lọ́rùn, èyí sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Èdè Gíríìkì ìgbà náà jẹ́ èdè olóhùn, ohùn a máa gòkè, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀. Onílé kò ní í béèrè ibi tí ohùn yóò gùn. Àlejò ni kò mọ̀ ọ́n. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fa ìlà kékeré kan tí ó gòkè sí apá ọ̀tún sórí lẹ́tà fún ohùn òkè, tí wọ́n fa òmíràn tí ó sọ̀ kalẹ̀ sí apá ọ̀tún fún ohùn ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì so méjèèjì pọ̀ fún ohùn tí ó gòkè tí ó tún padà. Kí òǹkàwé mi wo orí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń kà lọ́wọ́ yìí. Àmì ohùn òkè àti àmì ohùn ìsàlẹ̀ tí a ń lò nínú èdè Yorùbá, àtọmọdọ́mọ àwọn ìlà wọ̀nyẹn ni wọ́n, àwọn ìlà tí a fà fún àwọn tí Gíríìkì kò já geere lẹ́nu wọn, ní ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn.

Àwọn ará Róòmù kò fi gbogbo ara gba ẹ̀bùn Alẹkisáńdíríà. Cicero, ọ̀gá nínú àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í ṣe àmì ọwọ́ akọ̀wé ni ó yẹ kí ó sọ ibi tí gbólóhùn parí sí, bí kò ṣe ìwọ̀n àti ìró gbólóhùn náà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ onílé pọ́ńbélé nìyẹn. Ẹni tí ìwọ̀n èdè Látìn ti wọ̀ lára dé egungun lè sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Ireland kò lè sọ ọ́, nítorí pé ọmọ ogun Róòmù kò ṣẹ́gun ilẹ̀ wọn rí, èdè Látìn kò sì fi ìgbà kan jẹ́ èdè ìyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Inú ìwé ni wọ́n ti kọ́ ọ, nítorí Ìwé Mímọ́ àti nítorí àdúrà. Ní ọ̀rúndún keje àti ìkẹjọ, àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí ó dà bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkankan: wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ láàrin ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. Awọ màlúù ni wọ́n ń kọ̀wé sí, awọ kò sì pọ̀ lọ́jà, síbẹ̀ wọ́n gbà kí apá kan rẹ̀ wà lófìfo kí ojú òǹkàwé lè rí ọ̀nà. Lójú tèmi, kò sí àmì kan láti ìgbà náà wá tí ó tó àyè lásán yìí. Alcuin ará York wà lára àwọn tí ó mú irú ẹ̀kọ́ yìí lọ sí ààfin Charlemagne ní ìparí ọ̀rúndún kẹjọ, àṣà náà sì ràn díẹ̀díẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Augustine ti fi ìyanu kọ ọ́ rí pé Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù Milan, a máa fi ojú nìkan kàwé, tí ahọ́n rẹ̀ kì í mì. Nígbà tí àyè ti wà láàrin ọ̀rọ̀, ohun tí ó jẹ́ ìyanu lójú Augustine di ohun tí ọmọ iléèwé lè ṣe.

Ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ ní ìhà Ìlà-Oòrùn. Nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ràn kọjá ilẹ̀ Lárúbáwá, tí àwọn tí kò gbọ́ Lárúbáwá bẹ̀rẹ̀ sí í ka Àlùkùráánì, ẹ̀rù àṣìkà ba àwọn olùkọ́; ìtàn sọ pé Abu al-Aswad al-Duali ti ìlú Basra ni ó kọ́kọ́ fi àmì róbótó aláwọ̀ sára lẹ́tà, ní ọ̀rúndún keje, kí al-Khalil ọmọ Ahmad tó sọ wọ́n di àwọn àmì tí a mọ̀ lónìí. Ọmọ ilé-kéwú tí ń ka wàláà rẹ̀ ní Ìlọrin tàbí ní Ìbàdàn ń jẹ àǹfààní àníyàn wọn.

Nígbà tí ìwé títẹ̀ dé, iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ lẹ́tà. Aldus Manutius, òǹtẹ̀wé ìlú Venice, àti Francesco Griffo tí ń gbẹ́ lẹ́tà fún un, ni wọ́n gbé sẹ́míkólọ́ọ̀nù jáde nínú ìwé De Aetna tí Pietro Bembo kọ, ní ọdún 1496: àmì róbótó lókè, kọ́mà nísàlẹ̀, fún ìdánudúró tí ó ju ti kọ́mà lọ tí kò sì tó ti òpin gbólóhùn. Ní ọdún 1557, Robert Recorde, oníṣègùn ará Wales, tí ó sú láti máa kọ ọ́ lákọtúnkọ nínú ìwé ìṣirò rẹ̀ pé èyí dọ́gba pẹ̀lú ìyẹn, fa ìlà méjì tí ó gùn bákan náà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ní kò sí ohun méjì tí ó lè dọ́gba jù wọ́n lọ. Irú àmì báyìí ti kúrò lẹ́nu ìrànwọ́ èémí nìkan, ó ń ru ìtumọ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun tí ó sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àlejò tí ó ju gbogbo àlejò lọ dé láàrin ọ̀rúndún ogún, àlejò tí kò ní ìyá tí ó kọ́ ọ lédè, tí kò mọ àbọ̀ ọ̀rọ̀, tí kò lè wo ojú ẹni kí ó fi mọ ohun tí a ní lọ́kàn. Kọ̀ǹpútà ni. Ní ọdún 1957, John Backus àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ IBM gbé èdè Fortran jáde, kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè fi ohun tí ó súnmọ́ ìṣirò tí wọ́n mọ̀ pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Orí káàdì tí a ń fi ẹ̀rọ dá ihò lu ni wọ́n ń kọ àṣẹ sí, ihò ọgọ́rin ní ìbú káàdì kan, wọ́n sì ṣe ìpinnu kan tí ó yẹ kí àwọn mọ́ńkì Ireland gbọ́: wọ́n ní ẹ̀rọ kò ní ka àyè sí nǹkankan. Ibi tí ó wu òǹkọ̀wé ni kí ó fi àyè sí, ẹ̀rọ yóò so gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ó tó kà á. Ẹ̀rọ ìgbàlódé padà sí ìwé àkọpọ̀ ti ayé àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlà kan nínú èdè náà. Bí a bá kọ DO 10 I = 1,10, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ tún iṣẹ́ tí ó wà láti ibẹ̀ dé ìlà tí a pè ní 10 ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí I máa ka iye ìgbà náà láti 1 lọ. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ṣèèṣì, tí a fi àmì ìdúró dípò kọ́mà, tí ó di DO 10 I = 1.10, ojú ènìyàn yóò ṣì rí àṣẹ àtúnṣe. Ẹ̀rọ, tí ó ti gbá gbogbo àyè dànù, yóò rí orúkọ kan, DO10I, tí a ní kí ó fi 1.10 pamọ́ sínú rẹ̀. Fortran kò sì béèrè pé kí a kọ́kọ́ sọ orúkọ fún òun kí a tó lò ó. Nítorí náà ẹ̀rọ kò ní ké, kò ní kùn, yóò ṣe ohun tí ó rí, iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó tún ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá yóò sì di ẹ̀ẹ̀kan. Irú àṣìṣe yìí gan-an wà nínú ètò tí ilé-iṣẹ́ NASA fi ń ṣírò ipa ọ̀nà ọkọ̀ òfurufú nígbà ètò Mercury. Ẹnìkan rí i kí ó tó dá wàhálà sílẹ̀.

Ọkọ̀ Mariner 1 kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 1962, ó gbéra láti Cape Canaveral, ó ń lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Venus. Nínú àgbékalẹ̀ ìṣirò tí a fi ń tọ́ ọ sọ́nà, ìlà gbọọrọ kan wà lórí lẹ́tà kan, ìlà tí ń sọ fún ẹni tí yóò kọ ètò náà pé kí ó má ṣe lo ìwọ̀n eré ọkọ̀ náà bí ó ṣe dé ní tútù, pé ìpíndọ́gba rẹ̀ ni kí ó lò. Nígbà tí wọ́n ń dà á kọ, ìlà yìí bọ́. Ohun èlò kan nínú ọkọ̀ náà tún daṣẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ètò tí kò ní ìlà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọkọ̀ ní àṣẹ òdì, ó ń yà á sọ́tùn-ún sósì, títí tí àwọn tí ń ṣọ́ ààbò fi ní láti fọ́ ọ sójú òfurufú kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Àmì kan lórí lẹ́tà kan! Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Àwa tí à ń sọ pé àmì orí lẹ́tà kì í ṣe ọ̀ràn ńlá, ó yẹ kí a máa rántí ọkọ̀ yìí.

Àwọn tí ó ń ṣẹ̀dá èdè kọ̀ǹpútà kò sùn. COBOL, tí wọ́n fẹ́ kí oníṣòwò lè kà, gba àmì ìdúró láti parí gbólóhùn rẹ̀. Lisp ti John McCarthy fi àmì àkámọ́ di gbogbo nǹkan. Àwọn tí ó ṣe ALGOL 60 yan sẹ́míkólọ́ọ̀nù Aldus láti fi la àṣẹ kan kúrò lára èkejì, Niklaus Wirth sì tẹ̀ lé wọn nínú èdè Pascal ní ọdún 1970. Nínú èdè C tí Dennis Ritchie ṣe ní ilé-iṣẹ́ Bell ní nǹkan bí ọdún 1972, àmì kan náà ni, ṣùgbọ́n òpin àṣẹ ni ó ń fi hàn, kì í ṣe ààlà láàrin àṣẹ méjì. Ẹni tí kò bá ti ṣe iṣẹ́ náà rí lè rò pé kò sí ìyàtọ̀ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ ààlà ni, kò pọn dandan kí a fi í sẹ́yìn èyí tí ó gbẹ̀yìn, akọ̀wé yóò sì máa ronú ìgbà gbogbo bóyá òmíràn ṣì ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ òpin ni, ọwọ́ rẹ̀ yóò mọ́ ọn lára. Ní ọdún 1975, Gannon àti Horning fi èyí dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ń lò ó bí ààlà ni ó ń ṣàṣìṣe jù.

Síbẹ̀ èdè C fúnra rẹ̀ fi ọ̀fìn kan sílẹ̀. Àmì àkámọ́ oníkọ́ ni ẹ̀rọ fi ń mọ àwọn àṣẹ tí ó wà lábẹ́ májẹ̀mú kan. Ènìyàn, ní tirẹ̀, a máa ti ìlà wọ inú díẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè rí ohun kan náà. Ẹ̀rọ kì í wo ìtiwọnú yẹn rárá. Ní oṣù kejì ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ Apple kéde àtúnṣe sí ètò tí ń yẹ ìwé ẹ̀rí àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì wò. Àṣìṣe tí ó wà nínú ètò náà ni pé ìlà kan, goto fail;, wà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra lábẹ́ májẹ̀mú kan tí kò ní àkámọ́. Méjèèjì wọnú bákan náà, ojú sì ń wò wọ́n bí ọmọ májẹ̀mú kan. Ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ, èyí àkọ́kọ́ nìkan ni ọmọ rẹ̀, èkejì dá dúró, bí ó bá sì ti dé ibẹ̀, yóò fò kọjá àyẹ̀wò tí ó ṣe pàtàkì jù, yóò sì jábọ̀ pé ohun gbogbo dára. Mo ka èyí sí ẹ̀rí tí ó le jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí. Òǹkàwé méjì ni ètò kọ̀ǹpútà ní, ẹ̀rọ tí yóò ṣe é àti ènìyàn tí yóò wá tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú, tí òun náà jẹ́ àlejò sí ohun tí ẹlòmíràn kọ. Níbi tí àmì ti ń sọ ohun kan fún ọ̀kan tí ó sì ń sọ ohun mìíràn fún èkejì, ibẹ̀ ni àṣìṣe ń fara pamọ́ sí. Peter Landin ti dábàá ní ọdún 1966 pé kí ẹ̀rọ náà máa wo bí ìlà ti wọnú tó, Guido van Rossum sì sọ ọ́ di òfin nínú èdè Python tí ó gbé jáde ní ọdún 1991: ohun tí ojú rí ni ẹ̀rọ rí. Àwọn kan ṣì ń bínú sí òfin yìí títí di òní. Èmi fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a wálé. Samuel Àjàyí Crowther, Àjàyí ògídí olú, oníkànga àjípọn, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí a sì dá sílẹ̀ sí Freetown, kọ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1843. Àárín àlejò ni ó ti kọ ọ́: àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì tí kò gbọ́ èdè náà, àti àwọn ọmọ tí a bí sẹ́yìn odi. Àwọn òyìnbó wọ̀nyí kò lè fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ mọ odidi, nítorí náà ni àmì fi wọ inú èdè wa, àmì abẹ́ lẹ́tà láti inú ìmọ̀ràn irú àwọn ọ̀mọ̀wé bí Lepsius ará Jámánì, àmì ohùn láti Alẹkisáńdíríà gba ọ̀nà Yúróòpù. Ìpàdé Èkó ní ọdún 1875 fìdí àkọtọ́ múlẹ̀, Bíbélì pé ní ọdún 1884. Bí onílé ti wá ń pọ̀ láàrin àwọn òǹkàwé, bẹ́ẹ̀ ni àmì ohùn ń dín kù lójú ìwé, tí ó fi jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn wa, a kì í rí i àfi níbi tí olóòtú bá bẹ̀rù àṣìkà. Ìwé tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ lórí àkọtọ́ ní ọdún 1965, ìgbìmọ̀ ọdún 1966, àti ìpinnu ọdún 1974 tún ilé ṣe, ṣùgbọ́n ìwà onílé kò yí padà.

Nígbà tí Unicode bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà ní ọdún 1991, kò sí ẹni tí ó pín odidi ẹ́ tàbí ọ̀ fún wa. Ẹ àti ọ tí a ní nínú ẹ̀rọ, èdè Vietnam ni wọ́n bá wọlé, níbi tí àmì abẹ́ lẹ́tà ti jẹ́ àmì ohùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ́ ní láti to àmì ohùn lé orí ẹ, ó sì lè gba ọ̀nà mẹ́ta tò ó: kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ara e lásán kí ó fi àmì méjèèjì kún un, tàbí láti ara ẹ, tàbí láti ara é. Lójú ènìyàn, lẹ́tà kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú ẹ̀rọ tí a kò kọ́ láti bá wọn dọ́gba, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, ẹni tí ó bá sì ń wá orúkọ Adéṣẹ́gun nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ lè má rí i bí ó tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Àlejò ti pọ̀ nílé wa báyìí. Ọmọ tí a bí sí London tàbí Houston ń ka Yorùbá láti inú ìwé kí ó tó gbọ́ ọ ní ìta. Ẹ̀rọ pàápàá ti ń kà á, ó sì ń sọ ọ́ jáde fún afọ́jú àti fún ẹni tí kò lè kàwé. Wọn kò ní ìyá àgbà tí yóò tún un sọ fún wọn. Nítorí wọn ni mo ṣe ń bẹ àwọn olóòtú ìwé ìròyìn àti àwọn òǹtẹ̀wé wa pé kí wọ́n dá àmì ohùn padà sójú ìwé, kí wọ́n tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ènìyàn àti orúkọ ìlú, níbi tí òǹkàwé kò ti ní gbólóhùn tí yóò fi méfò, kí wọ́n sì fi ọ̀nà kan ṣoṣo to ẹ́ àti ọ̀ nínú ẹ̀rọ wọn, kí ohun tí a bá tẹ̀ ní Ìbàdàn lónìí lè ṣeé wá rí ní Bahia lọ́la.